Bí a Ṣe Ń Lé Kòkòrò Kéékèèké Kúrò Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Oúnjẹ

Nígbà tí kòkòrò kéékèèké bá ti ń rìn káàkiri lórí pẹpẹ kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí a ra oògùn apakòkòrò, kí a fín in sí gbogbo igun, kí a sì ti ilẹ̀kùn pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í pé tí kòkòrò náà yóò fi tún jáde, nítorí pé kì í ṣe ara pákó ni ó ti ń wá. Inú oúnjẹ ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó ń yé sí, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun dàgbà, níbi tí oògùn tí a fín sí pákó kò lè dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù òun mọ́ gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ tí kòkòrò náà ti ń jáde, kí ó tọ́jú oúnjẹ yẹn tàbí kí ó dà á nù, kí ó nu kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní, kí ó sì yí ọ̀nà tí ó ń gbà kó oúnjẹ pamọ́ padà.

Ilé bí ilé tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Kogi ni mo ní lọ́kàn, láti Kàbà dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ti lè gba ẹ̀wà tí a gbé ti oko bọ̀, èlùbọ́ iṣu, ọkà bàbà tí a fẹ́ fi ṣe ògì, ẹ̀gúsí tí a kò tíì bó, ẹja gbígbẹ tí wọ́n rà bọ̀ láti Lọ́kọ́jà, àti ìrẹsì ọjà. Oúnjẹ oko dára, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó yé gbé e wálé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé kòkòrò ẹ̀wà àti kòkòrò àgbàdo a máa bá irè náà láti inú oko, kí a tó ká a rárá, tí ó fi jẹ́ pé àpò tí ó mọ́ lójú lọ́jọ́ tí ó wọlé lè ti ní ẹyin nínú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú kòkòrò tí ẹ ń bá jà

Ẹ mú díẹ̀ lára wọn sínú àwo funfun, kí ẹ sì wò wọ́n ní ojú fèrèsé.

Èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà kúrú, ó gùn tó mílímítà 3 tàbí 4, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pupa tí ó ṣú, pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú lẹ́yìn. Òun ni ó yẹ kí a mọ̀ dáadáa jùlọ, nítorí ẹ̀wà ni kòkòrò tètè máa ń bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ mú hóró ẹ̀wà kan, ẹ yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tín-ń-tín tí ó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ bí hóró iyọ̀, tí èékánná kò sì tètè há a kúrò, ẹyin ni. Ìdin tí ó bá pa nínú rẹ̀ kì í jáde síta rárá. Abẹ́ ẹyin náà gan-an ni ó ti ń lu èèpo wọ inú ẹ̀wà lọ, tí yóò sì máa jẹ inú rẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jáde, ẹ ó rí àmì roboto kan lára ẹ̀wà, níbi tí èèpo ti fẹ́lẹ́ tí ó sì ṣú ju ibi yòókù lọ. Ẹ̀yìn èèpo fẹ́lẹ́ yẹn ni kòkòrò tí ó ti gbó dúró sí. Yóò tì í ṣí, yóò jáde, yóò sì fi ihò roboto tí etí rẹ̀ dán sílẹ̀. Nínú ooru tiwa, gbogbo èyí kì í sábà gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Kòkòrò tí ó jáde náà kì í jẹun mọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì ń lò láyé, ṣùgbọ́n abo kan lè yé ẹyin tí ó tó 100 láàárín ìgbà náà. Ìdí nìyí tí pípa àwọn tí a rí tí wọ́n ń rìn kò fi ṣe àǹfààní púpọ̀: wọ́n ti yé kí a tó rí wọn.

Èyí tí ó ní imú gígùn tí ó tẹ̀ síwájú ni ti àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì. Abo rẹ̀ a máa fi ẹnu tí ó wà lórí imú yẹn gbẹ́ ihò sí ara hóró, a yé ẹyin kan sínú rẹ̀, a sì dí ojú ihò náà pa, tí a kò fi ní rí nǹkan kan títí ọmọ yóò fi jáde. Òun kì í tètè kú bí ti ẹ̀wà. Ó lè gbé fún oṣù mélòó kan, ó sì lè fò láti inú àpò kan bọ́ sí òmíràn.

Inú èlùbọ́, sẹ̀mó àti ìyẹ̀fun àlìkámà ni ẹ ti máa bá kòkòrò pupa pẹlẹbẹ tí kò ní imú gígùn. Kì í lè wọ inú hóró odindi tí ó le. Ìyẹ̀fun àti èérún ni ó ń wá. Ó lè gbé ju ọdún kan lọ, bí ó bá sì ti pọ̀ jù, ìyẹ̀fun náà yóò máa rùn, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí díẹ̀ sí pupa. Ìyẹ̀fun tí ó bá ti dé ibẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá rí òwú tín-ín-rín tí ó so èlùbọ́ tàbí ẹ̀pà pọ̀ mọ́ ara wọn, ìdin kòkòrò kan tí ó máa ń fò yí iná ká lálẹ́ ni ó hun ún. Ẹja gbígbẹ ní ìdin onírun tirẹ̀, ata gbígbẹ náà sì ní kòkòrò tirẹ̀.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta

Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ kó gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù jáde sí àgbàlá ní òwúrọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe èyí tí a ti ṣí nìkan, nítorí pé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í dí kòkòrò lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wọn a máa lu ú wọlé, wọ́n a sì tún lu ú jáde. Ohun tí a ti gbàgbé ni ó sábà máa ń jẹ́ orísun: àgbàdo gbígbìn tí bàbá fi sí ẹ̀yìn pẹpẹ láti èṣí, ata gbígbẹ tí ó kù ní ìsàlẹ̀ agolo, oúnjẹ adìyẹ, mákàrónì tí a ṣí tí a kò sì sè tán.

Ẹ da ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ tàbí aṣọ funfun, kí ẹ tàn án ká, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ooru yóò mú kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sá. Ti èlùbọ́ gba sùúrù. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ojú rẹ̀ kí ó jọ̀lọ̀, ẹ dé e, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó bá ìlà wẹ́wẹ́ tí ìrìn rẹ̀ fà sí ojú èlùbọ́ náà ní òwúrọ̀. Fún àpò, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: bí ibẹ̀ bá gbóná ju etí àpò lọ, kòkòrò ti pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé mímí wọn ni ó ń mú un gbóná. Ní alẹ́ tí ilé bá ti pa rọ́rọ́, ẹ lè gbé etí lé àpò náà, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn tí wọ́n sì ń jẹ. Ìyẹ̀fun tí ó kó jọ sí ìsàlẹ̀ agolo ẹ̀wà tàbí ti ọkà náà jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó.

Èyí tí ó mọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá a padà. Èyí tí ó ní kòkòrò díẹ̀, ẹ ó tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí n ó ti ṣàlàyé. Èyí tí ó ti bu, tí ó ń rùn, tàbí tí hóró tí ó ní ihò ti pọ̀ ju hóró odindi lọ, ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀. Ohun tí ó bu léwu gan-an, nítorí pé májèlé tí ó máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tí ó bá ti bu kì í kúrò nípa sísè. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí ilé ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe kí ẹ dà á sí ààtàn tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Èyí tí kòkòrò nìkan jẹ, tí kò bu, tí a kò sì fi oògùn kankan sí, ẹ lè dà á fún adìyẹ.

Kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀

Ẹ yọ pẹpẹ tí ó bá ṣeé yọ, kí ẹ sì ká ìwé ìròyìn tàbí ráúbà tí a tẹ́ sí i kúrò, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni èérún máa ń kó sí. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá gbogbo igun, ihò ìṣó, àlàfo tí ó wà láàárín pákó àti ògiri, àti ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó láti fi tú ohun tí ó há sínú àlàfo tóóró. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí ṣe eré, nítorí pé èérún èlùbọ́ tí ó há sínú àlàfo kan lè bọ́ ìdin mélòó kan títí wọn yóò fi dàgbà.

Lẹ́yìn gbígbá, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbóná ọlọ́ṣẹ, tí a sì fún dáadáa, nu inú rẹ̀. Ẹ má da omi sí i, nítorí pákó tí ó bá mumi yóò wú, ọ̀rinrin yóò sì mú kí oúnjẹ tètè bu. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbẹ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ yọ́ àbẹ́là sí ojú ihò ìṣó àti àlàfo kéékèèké, kí ẹ má sì tẹ́ ìwé ìròyìn mọ́. Pẹpẹ tí kò ní nǹkan lórí ni ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò.

Bí a ṣe ń pa èyí tí ó wà nínú oúnjẹ

Sísá ẹ̀wà sórí ẹní ní gbangba kò tó. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyí, ó sì wúlò fún gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá sá a báyìí, àwọn kòkòrò tí ó ti dàgbà yóò rìn lọ, ọkàn wa yóò sì balẹ̀, nígbà tí ìdin inú hóró kò rí ibi sá sí, ooru ibẹ̀ kò sì tó láti pa á. Kí inú ẹ̀wà gbóná tó 57°C fún wákàtí kan ni ó ń pa gbogbo wọn, àti ẹyin àti ìdin àti àgbà.

A lè rí ooru yẹn nílé láìná owó púpọ̀. Ẹ tẹ́ páálí tàbí ẹní sílẹ̀ kí ilẹ̀ má baà fa ooru lọ, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e, ẹ tàn ẹ̀wà sórí rẹ̀ kí ó má nípọn ju ìbú ìka kan lọ, kí ẹ wá fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, tí oòrùn lè là já, bò ó. Ẹ ká gbogbo etí rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí agogo 11 òwúrọ̀ títí di agogo 3 ọ̀sán, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Bí ọ̀rinrin bá hàn lábẹ́ ọ̀rá náà, ẹ̀wà yẹn kò tíì gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ sá a gbẹ kí ẹ tó tún un ṣe. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa bo oòrùn lójú, nítorí náà ẹ ṣe é ní ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú ohunkóhun, nítorí ooru tí a bá dé mọ́ inú ìgò yóò di omi lára rẹ̀. Ọ̀nà kan náà dára fún ìrẹsì, ọkà bàbà àti àgbàdo; ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fẹ́ gbìn, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ lo eérú fún un dípò.

Ẹni tí ó ní fírísà tí ó ń dì dáadáa lè di oúnjẹ náà sínú ọ̀rá, kí ó fi í síbẹ̀ ní -18°C fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí iná bá lọ tí ohun inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ mẹ́rin náà lákọ̀ọ́tun. Ní àdúgbò tí iná kì í ti dúró, oòrùn ni mo fọkàn tán jù.

Ní ti èlùbọ́, ẹ fi ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kéré jọ̀ ọ́, kí ẹ sá a gbóná lábẹ́ ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀wà, kí ẹ tún un jọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Gàrí, ẹ tún un yan lórí iná díẹ̀. Ẹja gbígbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ tún un yan títí ooru yóò fi dé egungun rẹ̀.

Oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ

Mo bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí: ẹ má ṣe fín ọ̀tapíápíá tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn tí ó ní èròjà dichlorvos nínú sí oúnjẹ, tàbí sí ibi tí oúnjẹ wà. Ara oúnjẹ ni ó ń mu ún, fífọ̀ kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2015, Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tí ó ń ti Nàìjíríà wọlé, nítorí pé dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan tí òfin wọn gbà láyè. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré onímílílítà 100 irú oògùn yìí káàkiri ọjà. Ẹ̀wà tí a kò gbà kí ó wọ ilé àwọn ẹlòmíràn kò yẹ kí ó wọ ikùn àwọn ọmọ wa.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò máa ń fi sínú àká ńlá. Bí ó bá ti kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, gáàsì olóró ni ó ń tú jáde, gáàsì náà sì lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí ènìyàn sùn sí, kí ó pa á. Kò sí ohun tí ó kàn án nínú ilé gbígbé. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ náà kò sí fún oúnjẹ. Nígbà tí ẹ bá sì ń ra ẹ̀wà lọ́jà, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá ń ta sí imú bí oògùn, ẹ kọjá síwájú, ì báà jẹ́ pé múdù rẹ̀ tóbi.

Kíkó oúnjẹ pamọ́ kí kòkòrò má padà

Gbígbẹ ni àkọ́kọ́. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ da ọkà tàbí ẹ̀wà lé e títí dé ìdajì, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 tí iyọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin rẹ̀ ṣì pọ̀ jù, ẹ padà sá a. Ìdánwò yìí wúlò jù láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí a kò sì lè fi ojú lásán mọ̀.

Dídé e pinpin ni èkejì. Kòkòrò ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọn yóò lo afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ tán, wọn yóò dẹ́kun jíjẹ àti yíyé, wọn yóò sì kú. Lórí òye yìí ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà gbé àpò PICS kalẹ̀, èyí tí ó ní ọ̀rá nínípọn méjì nínú àpò kan, tí a ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀wà púpọ̀ yóò jèrè rẹ̀. Àjọ NSPRI tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko wà ní Ìlọrin, kò sì jìnnà púpọ̀ sí àwa ará Ìyàgbà fún ẹni tí ó bá fẹ́ bèèrè sí i.

Fún ilé ìdáná, kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà márùn-ún tí a fọ̀ tí ó sì gbẹ dáadáa tó. Ẹ kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí rẹ̀, ẹ dé e le, kí ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Ṣíṣí i ní gbogbo ìgbà ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. Ohun tí mo fẹ́ràn ni kí a pín oúnjẹ sínú kẹ́ẹ̀gì púpọ̀, kí a máa jẹ ọ̀kan tán kí a tó ṣí èkejì.

Ẹ̀wà tí a ó jẹ láàárín oṣù díẹ̀, a lè fi òróró ẹ̀pà pa á lára: ṣíbí tíì kan, ìyẹn nǹkan bí mílílítà 5, fún kílò kan, kí a pò ó títí gbogbo hóró yóò fi dán. Òróró yìí ń pa ẹyin tí ó wà lára èèpo, ṣùgbọ́n kò lè mú ìdin tí ó ti wọlé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lo oòrùn. Irúgbìn ni mo fi eérú igi sílẹ̀ fún. Kí eérú náà gbẹ, kí a jọ̀ ọ́, kí ó sì pọ̀ tó láti dí gbogbo àlàfo láàárín hóró, nǹkan bí igbá mẹ́ta eérú sí igbá mẹ́rin ẹ̀wà. Ewé dóńgóyárò lè mú kí àwọn kan yẹra, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wà nínú hóró kò gbọ́ ọ. Ata gbígbẹ ni èmi kò lè gbára lé, nítorí kòkòrò kan wà tí ata náà gan-an ni oúnjẹ rẹ̀.

Èèrà àti aáyán kò bá ẹ̀wà wá. Òde ni wọ́n ti ń wá. Ẹ tẹ̀lé ọ̀wọ́ èèrà títí dé ibi tí ó ti ń wọlé, kí ẹ dí ibẹ̀, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà rẹ̀ kí òórùn tí wọ́n ń tọ̀ kúrò. Fún aáyán, ẹ má fi àwo àìfọ̀ àti omi sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì kó páálí jáde nínú ilé ìdáná, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yé sí.

Nígbà tí ẹ bá ti dá oúnjẹ padà sórí pẹpẹ, ẹ máa yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì, nítorí pé ẹyin tí ó bá yè bọ́ lónìí kò ní fara hàn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Kòkòrò kan tàbí méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì ń rí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, orísun kan ṣẹ́ kù: ẹ wo orí àjà, ẹ wo yàrá tí a ń kó àpò àgbàdo sí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá bí a bá gbé irè pamọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú èyí tí ẹ bá rí gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ti kọ́bọ́ọ̀dù.